Nígbà tí Ọ̀nà Bá Dí: Ìtàn Ìyàn àti Ìrànwọ́ láti Ọ̀tà dé Ìbàdàn

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ẹni tí kò ní aṣọ lè fi àkísà bora. Ẹni tí kò ní ilé lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni àti àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ mọ ìtàn bí ìyàn ṣe ń mú ní ilẹ̀ wa, àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń gba ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dá òjò tàbí eéṣú nìkan ni ó ń mú ìyàn wá. Òótọ́ ni pé wọ́n ń mú un wá. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá wò dáadáa, a ó rí i pé nígbà púpọ̀ ni ebi pa ìlú nígbà tí iṣu wà nínú oko ìlú kejì, tí àgbàdo wà nínú àká, tí iyọ̀ sì wà ní etí òkun. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà dí. Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n kò rí ibi gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Kò sì sí ìlú tí ó lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí bí ìlú Ọ̀tà.

Ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀tà, ó sì ti pẹ́ gidigidi. Orí ọ̀nà ni Ọlọ́run fi í sí. Ẹni tí ó bá ń ti Èkó bọ̀ tí ó fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, Ọ̀tà ni yóò gbà kọjá. Ẹni tí ó bá sì ń ti apá Ìdìrókò bọ̀ sí Èkó, Ọ̀tà náà ni yóò bá lọ́nà. Àwọn ará Ọ̀tà jẹ ire ìjókòó yìí, nítorí pé ọjà kì í tú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ìyà rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ṣí ọ̀nà àti gbogbo ẹni tí ó fẹ́ tì í máa ń kọ́kọ́ kàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi rí i pé bí àwọn kò bá ní ọ̀nà tí ó já sí òkun, ìbọn, iyọ̀ àti ẹrù òyìnbó kò ní tó wọn lọ́wọ́. Ọ̀tà sì wà lójú ọ̀nà náà. Ní ọdún 1842, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, wọ́n dó ti Ọ̀tà. Ẹni tí kò rí irú ogun bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ìbọn àti idà ni ó ń ṣẹ́gun ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dó ti ìlú kì í sábà kánjú wọlé. Ó ń jókòó sí ẹnu oko àwọn ará ìlú ni, ó ń jẹ iṣu tí wọ́n gbìn, ó sì ń dúró de ọjọ́ tí àká wọn yóò ṣófo. Èkó àti Adó ran Ọ̀tà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìlú náà ṣubú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n ká. Àwọn Ẹ̀gbá kò gbàgbé ẹni tí ó ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ọ̀tá wọn: wọ́n yí padà, wọ́n lọ dó ti Adó pẹ̀lú, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òǹkàwé, fi èyí sọ́kàn, pé ríran ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀rín ṣe nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn ó ń ná olùrànlọ́wọ́ ní ohun ńlá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ọ̀tà ń padà wálé díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ agbára àwọn Ẹ̀gbá. Ní nǹkan bí ọdún 1854 ni James White, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ C.M.S. níbẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1890. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà Èkó sí òkè di ọ̀nà tí ìwé, oògùn, owó ẹyọ àti ìròyìn ń gbà lọ sí àwọn ìlú tí ó jìnnà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tí ó wà ní Ìbàdàn àti Ìjàyè gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ọmú ìyá rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà náà sì dí ni a rí ìtàn tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí.

Ní ọdún 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà, Adélù ọmọ rẹ̀ sì jọba lẹ́yìn rẹ̀. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Bí ọ̀rọ̀ ti rí yìí, ọ̀nà tí Ìbàdàn ń gbà dé òkun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá dí. Àwọn Ìjẹ̀bú náà sì ti tiwọn. Ìlú méjì ni ogun kan náà há mọ́: Ìjàyè, tí a dó tì, àti Ìbàdàn, tí ó ń dó ti ẹlòmíràn ṣùgbọ́n tí kò rí ẹrù gbà láti etí òkun.

Ní Ìjàyè, oko kò ṣe é lọ mọ́. Àwọn ènìyàn ń kú sí ojú ọ̀nà àti sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Àwọn òbí ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí oúnjẹ, wọ́n ń wí pé ó sàn kí ọmọ náà wà láàyè ní ọwọ́ ẹlòmíràn ju kí ó kú sí ọwọ́ àwọn lọ. Ohun tí ó sì dùn wá jù nínú ìtàn náà ni pé nínú àwọn ọmọ ogun tí ó wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, a rí àwọn tí ó ń fi oúnjẹ fa ọmọ tí ebi ń pa mọ́ra, tí wọ́n sì ń tà wọ́n sí oko ẹrú. Ẹ kíyèsí i dáadáa. Oúnjẹ tí ó lè gba ọmọ là ni ìkà ènìyàn sọ di ìdẹkùn.

Ṣùgbọ́n ìwà mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Adolphus Mann ti C.M.S. àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìjàyè, R. H. Stone àti A. D. Phillips ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Stone àti Phillips ń kó àwọn ọmọ aláìní òbí jọ sí ilé, wọ́n ń bọ́ wọn bí agbára wọn ti mọ. Nígbà tí oúnjẹ kò sì tó mọ́, wọn kò dúró kí ebi pa àwọn ọmọ náà sínú ìlú tí a dó tì. Wọ́n kó wọn la ọ̀nà ogun já lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí oúnjẹ wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 ni Ìjàyè ṣubú, a kò sì tún ìlú náà kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kó jáde ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n rí ọjọ́ ọ̀la.

Nísinsìnyí kí a wo Ìbàdàn. Ní Kúdẹtí ni David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ará Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé láti ọdún 1853. Ilé wọn kún fún ọmọ. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, wà lára àwọn ọmọ tí a tọ́ ní Kúdẹtí. Dáníẹ́lì Olúbí, tí ó di àlùfáà ńlá ní ìkẹyìn, wà lára àwọn olùrànlọ́wọ́ ilé náà. Ìyáàfin Hinderer kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ fífún ni ní oúnjẹ. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà dí, ẹni tí ó ń fi fún ni di ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò jẹ.

Owó ẹyọ tán. Ìyẹ̀fun tán. Lẹ́tà kò dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní wọn: aṣọ, aṣọ títa, títí dé orí àpótí páànù àti agolo òfìfo, kí wọ́n lè rí owó ra iṣu àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ. Ara Ìyáàfin Hinderer kò le láti ìbẹ̀rẹ̀, ebi sì jẹ́ kí ó túbọ̀ rẹ̀ ẹ́. Nínú ìnira yìí, ta ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́? Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù jìnnà. Kì í ṣe Èkó, nítorí pé ọ̀nà dí. Àwọn ará Ìbàdàn tí ó wà ní àdúgbò, tí àwọn náà ń jẹ ìyà ogun, ni ó ń yá wọn ní owó ẹyọ, tí ó sì ń tà wọ́n ní àwìn. Ẹni tí a kọ́ ní ìwé àná ni ó gbé oúnjẹ wá lónìí. Èmi kò mọ ẹ̀rí tí ó dára ju èyí lọ pé iṣẹ́ tí a ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ kì í ṣègbé.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1865, ìròyìn àìlera Ìyáàfin Hinderer dé etí Glover, ẹni tí ó ń ṣe àkóso Èkó. Glover kò kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Ó rán Ọ̀gágun Maxwell pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí ọkàn wọn gbóyà, pé kí wọ́n wá ọ̀nà titun la igbó kọjá, kí wọ́n má ṣe gba ọ̀nà tí a ti tì. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ní òru, ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ní Kúdẹtí. Wọ́n mú ohun jíjẹ wá. Wọ́n sì mú aṣọ ìgbérù tí àwọn ọkùnrin fi ń gbé aláìsàn lé èjìká wá pẹ̀lú. Kò sí àyè ìdúró pẹ́, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́ tán tí ìròyìn wọn sì ká, àwọn tí ó ti ọ̀nà lè ká wọn mọ́. Ìyáàfin Hinderer fi àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé, wọ́n gbé e, ó sì dé Èkó láyọ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró ti àwọn ọmọ àti ìjọ.

Kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé gbogbo ẹ̀kọ́ ìrànwọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Èkínní, Glover mọ orúkọ ẹni tí ó rán ènìyàn lọ bá, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe é. Èkejì, kò dúró kí ogun parí kí ó tó ṣe é. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó di ẹrù ni gbígbé. Ẹni tí ó bá ní ẹrù ẹgbẹ̀rún ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀nà, ọwọ́ òfo ni ó wà.

Ní àkókò kan náà, irú èrò yìí ń jí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1859, ọdún tí Àtìbà wàjà, ni Henri Dunant rí àwọn tí ó gbọgbẹ́ lójú ogun Solferino ní Ítálì, tí kò sí ẹni tí ó ń tọ́jú wọn. Àwọn obìnrin abúlé tí ó wà nítòsí ni ó kó jọ láti fún wọn ní omi àti oúnjẹ. Láti inú èyí ni Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti jáde ní ọdún 1863. Ìrànwọ́ tí ó gba ayé kan lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọwọ́ àwọn aládùúgbò, gẹ́gẹ́ bí ti Kúdẹtí.

Ní ilẹ̀ tiwa, ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 tún fi hàn wá ohun tí ọ̀nà dídí ń ṣe. Ebi pa àwọn ọmọdé ní ìhà ìlà-oòrùn títí ikùn wọn fi wú, tí irun wọn sì pọ́n. Nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ àti ti omi ti dí, ojú òfurufú ni àwọn olùrànlọ́wọ́ gbà. Àwọn ìjọ Ọlọ́run láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó ara wọn jọ ní erékùṣù São Tomé. Alágbèélébùú Pupa ń fò láti Fernando Po, lẹ́yìn náà láti Kùtọnú. Òru ni wọ́n ń fò, láìtan iná. Ibi tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ sí ní Uli kì í ṣe pápá ọkọ̀ òfurufú tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ni, tí a fẹ̀ sí i. Ọkọ̀ àwọn ìjọ nìkan fò ju ìgbà 5,000 lọ pẹ̀lú wàrà, iyọ̀, pańla àti oògùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, a yìnbọn lu ọkọ̀ Alágbèélébùú Pupa kan, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ohun tí Adó rí ní ayé Ṣódẹkẹ́ ni àwọn wọ̀nyí náà rí: olùrànlọ́wọ́ a máa san owó orí.

Kí a wá padà sí Ọ̀tà. Lẹ́yìn ogun àtijọ́, ìlú náà gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá kún Sángo, Ìjòkó àti gbogbo àyíká rẹ̀, àwọn ènìyàn láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sì wá gbé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò ní oko. Alágbàṣe ni wọ́n, oníṣòwò, awakọ̀, ọlọ́kadà. Ohun tí wọ́n bá pa lówùúrọ̀ ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ẹlòmíràn ń sùn ní Ọ̀tà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀nà ni oko wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀, ti Ìdìrókò sì wà nínú rẹ̀. Kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Bí èyí ti wà nílẹ̀ ni àrùn COVID-19 dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2020, Ààrẹ orílẹ̀-èdè pàṣẹ kónílé-gbélé ní Èkó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá. Gómìnà Ògùn bẹ̀bẹ̀ pé kí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, kí àyè lè wà láti pèsè oúnjẹ fún àwọn ènìyàn. Ẹ̀bẹ̀ ọlọgbọ́n ni, nítorí pé ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í bóyá omi wà nínú àmù rẹ̀.

Ìpèsè náà wáyé, ṣùgbọ́n kò kárí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, àpò ìrẹsì díẹ̀ kò lè tó àdúgbò tí ó kún bí ìlú. Nínú oṣù kẹrin náà ni ẹ̀rù tún ba àwọn ènìyàn Sángo, Ìjòkó, Agbádó àti ìlú tí ó bá Èkó pààlà, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ń jalè láti ilé dé ilé. Àwọn ará àdúgbò dáná táyà sí ìkóríta, wọ́n ń ṣọ́ òru pẹ̀lú àdá àti igi. Òǹkàwé lè rí i pé bí ebi bá wọ ìlú, kì í dá wọlé. Ó ń mú ẹ̀rù àti olè lọ́wọ́ wá. Síbẹ̀, níbi ìṣọ́ òru wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò ti kọ́kọ́ mọ orúkọ ara wọn. Ẹni tí ó mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ ni ó lè mọ̀ pé kò tíì dáná láti àná. Àwọn ìjọ, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ onílé pẹ̀lú pín gàárì, ẹ̀wà àti ìrẹsì láti ojúlé dé ojúlé bí agbára wọn ti mọ.

Ní oṣù karùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n ìrìn láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì kò ṣí títí di oṣù keje. Lẹ́yìn náà ni ohun ìtìjú kan ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 kan náà, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ní Mazamaza ní Èkó, ní Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun àti ní ibòmíràn, wọ́n sì bá ìrẹsì, ṣúgà, iyọ̀ àti gàárì tí a fi ṣe ìrànwọ́ àrùn náà níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ wí pé àwọn ń pín in lọ́wọ́ ni, àti pé àwọn kan nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èmi kò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ilẹ̀kùn fífọ́ kò sì dára. Ṣùgbọ́n ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú rí: oṣù mẹ́fà ti kọjá láti ìgbà tí ebi ti wọ ilé, oúnjẹ sì wà nínú ìlú. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó dó tì wá ní ọjọ́ yẹn. Àwa fúnra wa ni a dí ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a kó ẹ̀kọ́ wa jọ. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ibi tí a ti sọ pé oúnjẹ tán láyé. Ní Ọ̀tà ọdún 1842, ní Ìjàyè, ní Kúdẹtí, ní ìlà-oòrùn, àti ní Sángo ọdún 2020, oúnjẹ wà ní ibì kan. Ohun tí ó ya ìyè àti ikú nípa ni bóyá ẹnìkan wà tí ó mọ ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì múra tán láti la ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó ọrẹ ìkórè jọ ní ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sí kíka iye iṣu tí a kó wá. Ẹ kọ orúkọ opó tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ tí kì í mú oúnjẹ wá nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ẹ wá ẹni tí yóò ru ẹrù náà, ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò dé. Ẹ fi í lé e lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má baà tì í. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn Kúdẹtí ní òru kò fun fèrè níwájú ara rẹ̀.